Òye Àtọwọ́dá àti Àrùn Ìfun Wíwú

Àwọn kókó pàtàkì

• Oríṣi àrùn ìfun wíwú méjì ló wọ́pọ̀ jù: àrùn Crohn àti àrùn egbò ìfun ńlá. Oògùn kì í mú wọn kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó péye lè mú kí wọ́n rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

• Òye àtọwọ́dá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AI, ń ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti ka àwòrán inú ìfun. Kò rọ́pò dókítà.

• Níbi tí ikọ́ ife bá ti wọ́pọ̀, a gbọ́dọ̀ wá a kí a tó fún aláìsàn ní oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù.

Kí ni àrùn ìfun wíwú?

Nínú àrùn yìí, agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò a máa yí padà bá ìfun jà. Ìfun a wú, a pọ́n, a sì dá egbò. Àwọn àmì rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, inú rírun, àárẹ̀ àti rírù. Àrùn egbò ìfun ńlá kì í sábà kọjá ìfun ńlá. Àrùn Crohn, tí àwọn dókítà ní New York ṣàpèjúwe ní ọdún 1932, lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí.

Níbo ni ìwádìí dé?

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lórí kíka àwòrán. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán 16,514 láti ara aláìsàn 3,082 kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ bí egbò ìfun ńlá ṣe le tó. Ìdájọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn onímọ̀ mu bí àwọn onímọ̀ náà ṣe ń bá ara wọn mu. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Japan fi àwòrán 40,758 láti ara aláìsàn 2,012 ṣe irú rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń lò ó fún kámẹ́rà kékeré tí aláìsàn máa ń gbé mì bí oògùn. Kámẹ́rà yìí ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán. Kọ̀ǹpútà a ṣa àwọn tó ní egbò jáde fún dókítà. Ìwádìí ṣì ń lọ lórí bí a ṣe lè mọ oògùn tí yóò bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan mu.

Kí ló yẹ kí a ṣọ́ra fún ní Kumasi?

Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí a kọ́ ọ lọ. Bí ikọ́ ife inú ìfun kò bá sí láàárín àwòrán tí a fi kọ́ ọ, ó lè pè é ní àrùn Crohn, nítorí egbò àwọn méjèèjì jọra. Àṣìṣe yìí léwu: oògùn bíi sìtẹ́rọ́ọ̀dù lè mú kí ikọ́ ife tàn káàkiri ara. Bákan náà, ẹni tó ní àrùn Crohn tí a ń fún ní oògùn ikọ́ ife nìkan yóò máa bàjẹ́ sí i.

Nítorí náà, yálà ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Komfo Anokye tàbí ní ilé ìwòsàn kékeré, àyẹ̀wò ìgbẹ́, àyẹ̀wò ikọ́ ife àti àyẹ̀wò ẹran ìfun kò ṣeé fojú fò. Ní Kumasi kan náà, Yunifásítì Kwame Nkrumah ní ilé ìwádìí lórí òye àtọwọ́dá tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí a ti fi àwòrán àwọn aláìsàn Ghana dán ẹ̀rọ wò.

Kí ni ẹ̀tọ́ aláìsàn?

Òfin Ghana ti ọdún 2012 lórí ààbò ìsọfúnni dáàbò bo àkọsílẹ̀ ìlera. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 sì sọ pé ènìyàn ni kí ìpinnu ìtọ́jú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aláìsàn lè béèrè bóyá a lo òye àtọwọ́dá, ẹni tó yẹ èsì rẹ̀ wò, àti ibi tí àwòrán rẹ̀ wà. Kí òṣìṣẹ́ ìlera dá a lóhùn ní èdè tó gbọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.