Kí a tó dá ìyàwó lẹ́bi

Bí ọmọ kò bá tètè dé, ìyàwó ni a máa ń dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a wo ara ọkọ náà.

Nínú àpò ẹpọ̀n, àwọn iṣan kan wà tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Wọ́n lè wú, kí ẹ̀jẹ̀ dúró sínú wọn. Apá òsì ló pọ̀ jù. Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn án ní ìdúró, ó lè dà bí ekòló tó lọ́ mọ́ra. Ó lè máa dunni lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ẹpọ̀n kò fẹ́ ooru. Ìdí nìyí tí ó fi rọ̀ síta. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró á mú un gbóná. Kóró ẹpọ̀n lè súnkì, àtọ̀ lè má lágbára mọ́.

Nínú ọkùnrin 100, bíi 15 ló ní i. Púpọ̀ nínú wọn ń bímọ. Àwọn mìíràn kò rí i bí.

Kì í ṣe èpè, kì í ranni. Dókítà á fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á yẹ àtọ̀ wò. Bó bá yẹ, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á so iṣan náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní sùúrù oṣù 3 sí 6.

Ọkọ àti aya, ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn.