Àlejò àti Onílé ní Ọ̀nà Àgbádárìgì

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Bí ẹ̀kọ́ wa bá parí, a lè rán wa lọ sí ìlú tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni, àwọn mìíràn nínú wa yóò sì kọjá ààlà ilẹ̀ wa. Báwo ni àlejò ṣe ń di ará ilé? Kí sì ni ojúṣe ẹni tí ó gbà á?

Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì lè kọ́ wa ní èyí. Ní ìhà Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìtàn wọn wí pé Olófin, baba ńlá wọn, tẹ̀ lé àwo kan tí ń léfòó lójú odò, níbi tí àwo náà sì rì sí ni ó tẹ̀dó sí. Nítorí náà ni a ṣe ń pè wọ́n ní Àwórì. Èyí fi hàn pé àlejò ni baba onílé pàápàá rí. Lónìí, àwọn ọmọ ogun ojú omi àti ẹbí wọn ń gbé ní Navy Town; láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà ni wọ́n ti wá, bí àṣẹ bá sì jáde, wọn a palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí ibùdó mìíràn. Ọjà Alábà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Bí ènìyàn bá sì tẹ̀síwájú, yóò dé Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀, yóò wọ Kútọnú àti Lomé, títí dé Accra.

Nígbà tí a rán àwa mẹ́ta lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní Okokomaiko, ìyá àgbà kan ni ó fún wa ní yàrá. Kí ó tó bi wá ní orúkọ, ó ti gbé omi tútù ka iwájú wa. Nígbà tí a mu ún tán ni ó wí pé, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Omi kànga iwájú ilé yìí, ẹ má mu ún o. Aṣọ ni a fi ń fọ̀." Ní ọjọ́ kejì ó mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò, ó ní, "Ọmọ mi ni wọ́n." A rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni. Lẹ́yìn náà ni ó yé wa pé onígbọ̀wọ́ ni ó fi ara rẹ̀ ṣe: bí a bá ṣẹ̀, òun ni a ó kọ́kọ́ pè.

Iṣẹ́ onílé sí àlejò nìyí: kí ó ya ojú rẹ̀ lò fún un, kí ó sì fi orúkọ rere rẹ̀ bò ó. Àlejò pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kí àwọn ará ilé ní òwúrọ̀, kí ó bá wọn dé ibi ìkómọ àti ibi ọ̀fọ̀, kí ó sì sọ fún onílé rẹ̀ kí ó tó rin ìrìn àjò. Ẹni tí ó bá ń san owó ilé nìkan, tí kò ṣe nǹkan wọ̀nyí, ayálégbé ni. Kò tí ì di ará ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan a bi ìyá náà léèrè ìdí tí ó fi fẹ́ràn àlejò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní Kumasi ni a ti bí òun, ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí baba òun ti ń ṣòwò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ilé mìíràn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, ó kan àwa náà láti ṣe onílé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a sì fún wọn. Àwọn tí ó lọ ju mílíọ̀nù kan lọ, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù. Ọ̀nà Àgbádárìgì yìí ni ọ̀pọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n Gánà ti sé ẹnu ibodè rẹ̀, Tógò àti Benin sì sé tiwọn kí èrò má bàa há sí wọn lọ́rùn. Títí Gánà fi ṣí ibodè ní òpin oṣù náà, ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ń sùn. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe àpò onílà tí wọ́n di ẹrù sí ní Gánà-mọ́s-gó.

Ìyá náà wí pé, "Mo dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, mo ń bu omi fún wọn. Ọmọbìnrin kan gbà á, ó ní kí n ṣeun, ó fi Twi sọ ọ́. Mo dá a lóhùn. Ó bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún."

Kì í ṣe pé àdéhùn kò sí. Ní Èkó ni a ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975, ní 1979 ni a sì fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè gbé òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tí yóò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé, ọ̀pọ̀ kò sì ní in. Ó tọ́ kí ìjọba béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá di ará ilé. Ní àkókò náà, àwọn olùkọ́ ará Gánà pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 mú kí olùkọ́ ṣọ̀wọ́n. Àlejò ni ó ń kọ́ ọmọ onílé ní ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá dé ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlejò rere. Bí ọmọ tuntun kan bá sì wọ kíláàsì wa, tí èdè rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ó ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí a tó bi í ní ìbéèrè, kí a kọ́kọ́ fi ibi tí omi wà hàn án.