Ìrìn Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Èkìtì

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì tiwa yìí, òkè kì í ṣe àlejò. Láti Erìjìyàn dé Ìkógòsì, títí lọ dé Ìpólé-Ìlórò níbi tí omi Àrìnta ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ojoojúmọ́ ni ojú wa ń rí wọn. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbèrò ìrìn òkè fi máa ń wí pé, "Kò kúkú jìnnà." Ṣùgbọ́n ìjìnnà nìkan kọ́ ni a fi ń wọn ọ̀nà òkè.

Ní ọdún 1892, William Naismith, ará Scotland, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn agunkè ṣì ń lò: wákàtí 1 fún máìlì 3, kí a sì fi wákàtí 1 kún un fún gbogbo 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí a bá gùn sókè. Nípa bẹ́ẹ̀, máìlì 6 tí ó ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà gígùn yóò gba wákàtí 2 ààbọ̀. Ẹni tí ó lágbára, tí kò sinmi, tí kò jẹun, ni ìṣirò yìí wà fún. Fún ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni àwa fara mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dúró ní Ìkógòsì wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, a kò bá a wí, ṣùgbọ́n kí ó ka ìdúró náà mọ́ wákàtí rẹ̀.

Sísọ̀kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Òkúta líle ni ó pọ̀ lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, èyí tí ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ onígun mímú tí sì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, nígbà tí itan ti rẹ̀ tán. Nínú oṣù Kọkànlá, oòrùn ń wọ̀ nígbà tí aago mẹ́fà bá kọjá díẹ̀, ilẹ̀ a sì yára ṣú. Nítorí náà, bí a bá gbéra ní aago méje lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, aago méjìlá ọ̀sán ni kí a yí padà, ìbáà ṣe pé a ti débẹ̀ tàbí a kò tíì dé. Ó le láti yí padà nígbà tí a ti ń gbọ́ híhó omi níwájú. Nítorí èyí ni ó ṣe yẹ kí olórí ìrìn kéde wákàtí náà kí a tó kúrò nílé.

Ní ti ẹrù, àwọn ìyá wa fi òṣùká gbé e gba irú ọ̀nà wọ̀nyí. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1986 fi hàn pé àwọn obìnrin kan ní Kenya lè fi orí ru ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìsí àfikún agbára. Àti kékeré ni wọ́n ti ń rù ú o. Ọmọ tí àpò ìwé nìkan mọ́ lára kò lè fi ara rẹ̀ wé wọn. Omi ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú àpò rẹ̀, nítorí pé ọyẹ́ a máa gbẹ òógùn kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kí ó wà níwájú. Kí ẹni tí ó lágbára jù lọ máa bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, pẹ̀lú fèrè, iná ọwọ́ àti aṣọ ìdigbẹ́.