Tìyá Tọmọ Létí Gọ́tà Àgùdà

Aago méje àárọ̀ Sátidé kò tíì lù tí ṣọ́bìrì ti ń ha kọnkéré nítòsí Ẹnítàn Street, ní Àgùdà, l'Ékòó. Ìró yẹn ni mo tẹ̀ lé dé àdúgbò kan tí wọ́n ti fi bẹ́ńṣì dí lẹ́nu kí mọ́tò má baà gbabẹ̀. Bàbá kan wọ bọ́ọ̀tù òjò, ó dúró nínú gọ́tà. Ìyàwó rẹ̀ ń gba ẹrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dà á sínú àpò. Ọmọbìnrin wọn, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ló ń fi okùn di àpò lẹ́nu. Ìyá fẹ́ wọ́ ọ̀kan lọ, ọmọ ní, "Mọ́mì, ẹ dúró ná, mi ò tíì ta á ní kókó." Ìyá sì dúró.

Ìdúró yẹn wù mí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń mú ọmọ dání wá síbi iṣẹ́ ìlú, wọ́n á gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Iṣẹ́ ọmọ yìí kì í ṣe àfiṣeré. Ẹni tó bá gbé Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí òjò á sì gbá a padà sínú gọ́tà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kókó tí ọmọ yẹn ń ta ni kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ já sí òfo.

Mo rìn síwájú. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ. Oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de abọ́ yìí, síbẹ̀ ó ṣì ń jáde látinú ẹrẹ̀, nítorí kì í jẹrà. Àwọn ọmọ kì í wọ gọ́tà, wọn kì í sì fọwọ́ kan ìgò fífọ́ tàbí abẹ́rẹ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló ń fi ẹ̀mú mú ìwọ̀nyẹn. Èdè Ìgbò ló fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Yorùbá lọmọ fi ń dá a lóhùn.

Ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn ló sọ irú iṣẹ́ ìmọ́tótó yìí di dandan láàárín 1984 sí 1985. Ní Èkó, láti aago méje sí mẹ́wàá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbá lójú títì tó dá yẹn. Ní Oṣù Kẹta 2015, lórí ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Ẹbun-Olú Adégbòrúwà pè, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sé èèyàn mọ́lé báyẹn. Ní Oṣù Kọkànlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé ìsémọ́lé náà. Àwọn tí mo rí yìí, ọlọ́pàá kọ́ ló lé wọn jáde. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ ara wọn, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe lóko, tí ọmọ ń pọnmi tẹ̀ lé wọn.

Ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn kò lè tẹ̀ ba, ó wá gbé agbada kaná síwájú ilé, ó ń dín àkàrà. Bí ọmọ kan bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kúnlẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Màmá á ní kó lọ fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá kan fẹ́ fọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ mú àkàrà. Òun náà, wọ́n dá a padà sídìí ọṣẹ.

Nígbà tí wọ́n to àpò tán fún ọkọ̀ akólẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ṣí ìwé rẹ̀, ó ń pe ilé kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ tó ń bọ̀: ta ni yóò mú bárò wá, ta ni yóò ra okùn? Ọmọbìnrin tó ń ta kókó nawọ́ kí bàbá rẹ̀ tó lanu.

"Ẹ kọ okùn sílé wa, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe irú ti òní. Ó ń já."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi í léèrè irú okùn tó fẹ́.