Ọ̀nà Ló Ń Sọ Jíà Tí A Ó Lò

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù. Ó kan onízemidjan tó ń gbé èrò láti Djègan-Kpèvi lọ sí ọjà Ouando. Ó kan àgbẹ̀ tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Àjàṣẹ́. Ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sẹ́yìn, nítorí owó yín ni a fi ń ra epo.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra kpayo nínú ìgò létí títì. Nàìjíríà ni epo náà ti ń wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun kò ní bá ará ìlú san lára owó epo mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó kpayo fò sókè lọ́dọ̀ tiwa náà. A kò lè fa owó epo wálẹ̀. Ṣùgbọ́n iye epo tí alùpùpù wa ń mu, ó wà lọ́wọ́ wa, ó sì wà lẹ́sẹ̀ wa.

KÍ NI IṢẸ́ JÍÀ?

Ẹ wo ẹni tó ru igi ìdáná tó ń gun òkè. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ni yóò máa gbé. Bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀, tó dé ilẹ̀ títẹ́jú, yóò na ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jíà rí. Ní jíà 1, ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Agbára rẹ̀ pọ̀, eré rẹ̀ kéré. Ní jíà 4, ẹ́ńjìnnì kì í yí púpọ̀ kí táyà tó yí. Eré rẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ kò tó ti jíà 1.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN

1. Ẹ fi jíà 1 gbéra. Bí alùpùpù bá ti ń lọ, ẹ bọ́ sí jíà 2. Ẹni tó bá fi jíà 1 sáré ń da epo nù.

2. Bí ẹ bá rí iyanrìn, ẹrọ̀fọ̀ tàbí òkè níwájú, ẹ ti wálẹ̀ sí jíà kékeré kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fẹ́ kú.

3. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, bí ọ̀nà Sákẹ́tẹ́, ẹ lo jíà ńlá, kí eré yín sì dọ́gba. Ẹ má ṣe máa sáré kí ẹ tún máa tẹ búréèkì. Ẹ rántí atẹ́gùn: bí ẹ bá sọ eré yín di ìlọ́po 2, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì yín sẹ́yìn yóò di ìlọ́po 4. Epo yín ni yóò san gbèsè náà.

4. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà, ẹ má ṣe yọ jíà kúrò nítorí àtifi epo pamọ́. Jíà ń bá búréèkì di alùpùpù mú. Ẹ̀mí ju epo lọ.

Ẹ fi etí sí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń pariwo gooro, ó ń bẹ̀ yín kí ẹ gbé jíà sókè. Bó bá ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹ, ẹ wálẹ̀.

ALÙPÙPÙ ONÍNÁ ŃKỌ́?

Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ M Auto, tó ń jẹ́ Spiro báyìí, mú alùpùpù tí kì í mu epo wá sí Benin. Bátìrì ló ń gbé e rìn. Bí iná rẹ̀ bá tán, a ó lọ sí ibùdó, a ó fi bátìrì tó ti ṣófo gba èyí tó kún.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù oníná kò ní jíà, ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnnì. Ẹ wo ohun tí a kọ síbẹ̀ dáadáa. Lára àwọn kan, nọ́ńbà 1, 2, 3 ni. Lára àwọn mìíràn, a kọ ECO àti SPORT. ECO túmọ̀ sí pé kí iná máa lọ díẹ̀díẹ̀. Òun ni kí ẹ máa lò nínú ìlú. SPORT ń tú agbára púpọ̀ jáde. Ẹ lò ó nígbà tí ẹrù bá wúwo lórí òkè, kí ẹ sì padà sí ECO. Ẹni tó bá fi SPORT rìn láti àárọ̀ yóò tètè padà sí ibùdó, yóò sì tún sanwó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ọkọ̀ olówó ńlá sílẹ̀. Ní ọdún 1997, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Prius ní Japan, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò iná pọ̀. Ní ọdún 2014, BMW ti Jámánì gbé i8 jáde. Ọkọ̀ eléré ni, a sì lè fi wáyà gba iná sínú rẹ̀ nílé bí a ti ń ṣe sí fóònù. Awakọ̀ rẹ̀ náà ń yàn: iná nìkan fún ìrìn kúkúrú nínú ìlú, iná àti epo pọ̀ nígbà tó bá nílò agbára. Bí kò bá yàn dáadáa, òun náà yóò fi owó ṣòfò.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ

Ká sọ pé ẹnì kan ń lo lítà 4 lójúmọ́, tí lítà 1 sì jẹ́ franki 700.
4 × 700 = 2800.
Ó wá ń yan jíà dáadáa, lítà 3 àbọ̀ sì ń tó o. Ó ń san franki 2450.
2800 − 2450 = 350 lójúmọ́.
Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26: 350 × 26 = 9100 franki. Ìwé àwọn ọmọ wà nínú owó yìí.

Ẹ̀yin èrò, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Lédè Fọ̀n, zemidjan túmọ̀ sí «gbé mi kíákíá». Ẹ tètè jáde nílé, kí ẹ má baà máa lé ẹni tó gbé yín ní eré.

Ẹ JÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́ YÍN

Ibo ni ọ̀nà ti burú jù ní abúlé yín? Jíà wo ni ó yẹ níbẹ̀?
Lítà mélòó ni alùpùpù yín ń mu lójúmọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọjọ́ 7, kí ẹ tún kọ ọ́ fún ọjọ́ 7 mìíràn lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ohun tí ẹ kà yìí.