Sílì kékeré tó ń jẹ́ kí eruku ọyẹ́ wọ ẹ́ńjìnì túbò àtijọ́

Ìmọ̀ràn tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti kòkòrò. Ti ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó tòmátò, àlùbọ́sà àti sàláàdì láti etí omi Loumbila wọ ìlú ni. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ọkọ̀ bẹntiróò àtijọ́ tó ní túbò, rọ́bà kan wà lára rẹ̀ tó kéré ju owó ẹyọ lọ, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò. Tí rọ́bà yẹn bá ti jẹ, eruku á máa gba ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnì láìkọjá nínú fílítà rárá. Ẹ lè pààrọ̀ fílítà lóṣooṣù, kò ní dí ihò yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ní. Peugeot 504 bâchée kò ní túbò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́ kò tilẹ̀ ní awo tó ń dí afẹ́fẹ́. Àwọn tí mò ń bá wí ni ọkọ̀ bẹntiróò bíi Peugeot 505 Turbo, Renault 21 Turbo, Saab 900 Turbo, Volvo 740 Turbo àti irú wọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù kó tó di "France au revoir" lọ́wọ́ wa.

Boîtier papillon, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní throttle body, ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ akiselérétọ̀. Awo róbótó kan wà nínú rẹ̀ lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pá náà sì yọ orí síta ní ẹ̀gbẹ́. Sílì wà níbi tó ti yọ síta, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ibẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí kò ní túbò, ẹ́ńjìnì kàn máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ni. Túbò ló sọ ọ̀rọ̀ di méjì. Tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnì á máa fa afẹ́fẹ́ àti eruku wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Tí ẹ bá wá kó ẹrù, tí túbò bẹ̀rẹ̀ sí í ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á gba ojú ihò kan náà sá jáde. Sílì tó ti gbẹ kò lè dúró fún ìfà àti ìtì. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Ouaga máa ń kọjá 40°C, ooru ẹ́ńjìnì sì tún wà lórí rẹ̀. Rọ́bà á le, á sán. Eruku ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, á wọ àárín rọ́bà àti ọ̀pá, á máa họ ọ́ bíi sáńpépà.

Ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iye owó rẹ̀. Eruku tó wọ inú sílíńdà máa ń jẹ ríǹgì písítìnì. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ́ìlì, á máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù, ẹ ó wá tún ẹ́ńjìnì ṣe látòkè délẹ̀ pẹ̀lú owó ìkórè ọdún kan. Sílì méjì kò tó owó agbọ̀n tòmátò kan.

Àwọn àmì rẹ̀ rèé. Ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ á máa gbé ohùn sókè, á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, agbára á dín, ẹ lè gbọ́ ìró bíi ti ejò, èéfín dúdú sì lè jáde, nítorí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti ka afẹ́fẹ́ tó sá jáde mọ́ èyí tó dé inú ẹ́ńjìnì. Níbi tí orí ọ̀pá yọ sí, ẹ ó rí ìdọ̀tí dúdú tó lẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì. Ibí yìí ni ẹnìkan á ti sọ fún yín pé túbò ti kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Kí wọ́n wo sílì ná.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ ti ẹ́ńjìnì pa kó tutù. Ẹ yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu boîtier papillon, ẹ di orí ọ̀pá mú, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Tó bá ń mì tìtì, ọ̀rọ̀ kò mọ sí sílì mọ́: bọ́ọ̀ṣì tàbí ọ̀pá náà ti jẹ, sílì tuntun kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tí kò bá mì, ẹ dá rọ́bà afẹ́fẹ́ padà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ fi ike tó ń fọ́n omi wẹ́wẹ́ fọ́n díẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Tí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, ẹ ti rí i. Ẹ má lo bẹntiróò, iná lè ràn. Ẹ má sì lo ike tí ẹ fi bù oògùn kòkòrò rí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tú okùn bátìrì, kí ẹ tó yọ gbogbo ara náà kúrò. Ẹ sàmì sí awo kí ẹ tó tú u, torí wọ́n gé etí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́, bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò kò ní dí ihò dáadáa. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù ni síkúrù kéékèèké tó mú awo náà dúró. Wọ́n ti lu ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn kó má bàa tú. Bí ẹ bá fagbára yí i, ó lè kán sínú ọ̀pá. Ẹ fáìlì ìdí rẹ̀ ná. Tí ẹ bá sì ń dá a padà, ẹ lo síkúrù tuntun àti frein filet, kí ẹ tún lu ìdí rẹ̀. Síkúrù tó bá bọ́ lójú ọ̀nà, inú ẹ́ńjìnì ló ń lọ.

Kí ẹ tó yọ sílì àtijọ́, ẹ wo ibi tí ètè rẹ̀ kọjú sí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín. Ní ọjà, joint spi ni ẹ ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta roulement. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ ó sọ, bí àpẹẹrẹ 8 × 16 × 5: ìwọ̀n ọ̀pá, ìwọ̀n ihò, àti bí ó ṣe nípọn tó, ní mìlímítà. Ẹ fi pied à coulisse wọn tiyín, ẹ má fojú díwọ̀n. Tí wọ́n bá ní ti Viton, ẹ mú un, ó ń fara da ooru àti ọ́ìlì ju rọ́bà dúdú lásán lọ. Ẹ fi síkẹ́ẹ̀tì tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu tì í wọlé gúnrégé, ẹ sì fi gíríìsì sílíkónì díẹ̀ sí ètè rẹ̀. Kí ẹ tó fún síkúrù awo le, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: àlàfo tó yí etí awo ká gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Bí ọkọ̀ yín kò bá ní okùn akiselérétọ̀, tó jẹ́ pé mọ́tò iná ló ń ṣí awo náà, ẹ má tú u wẹ́wẹ́. Ẹ wá odindi rẹ̀ rà.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fa omi sí oko náà ní irú ọ̀pá yìí nínú kábúrétọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí sílì tí a lè pààrọ̀ níbẹ̀. Tí ọ̀pá náà bá ti ń mì, tí ẹ̀rọ sì ń sáré fúnra rẹ̀, kábúrétọ̀ tuntun ni kí ẹ rà kí igbá tòmátò tó nílò omi lójoojúmọ́.