Ẹ má fi ọgbọ́n alẹ́ dá ọlọ́kadà àárọ̀ lẹ́jọ́

Àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri Èkó, àwọn tá à ń pè ní dispatch, ìyà kan wà tó ń jẹ wọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀gá wọn á kó gbogbo ibi tí ọmọ náà dé lọ́jọ́ yẹn sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá ọ̀nà tó yá jù lọ, á sì sọ iye wákàtí tó yẹ kó gbà. Lọ́jọ́ kan, ó ní wákàtí 5. Ọmọ náà ti lo wákàtí 7. Ni wọ́n bá yọ owó wákàtí 2 nínú owó ẹ̀. Nígbà tó ṣàròyé, ohun tí ọ̀gá sọ ni pé kọ̀ǹpútà kì í parọ́.

Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà ò parọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ló ní màgòmágó nínú.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún kọ̀ǹpútà yẹn gan-an kì í ṣe kékeré o. Tó bá jẹ́ ibi 10 péré lẹ fẹ́ dé, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà tò wọ́n tẹ̀ léra jẹ́ 3,628,800. Tó bá di ibi 20, kọ̀ǹpútà tó ń yẹ bílíọ̀nù 1 wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan á lò ju ọdún 70 lọ kó tó yẹ gbogbo ẹ̀ wò tán. Ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń gé e kúrú, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó rí èyí tó ń tètè yanjú ẹ̀ nígbà gbogbo.

Kí làwọn onímọ̀ wá ṣe? Wọ́n gbà pé ọ̀nà táwọn máa rí lè má jẹ́ èyí tó kúrú jù, kí wọ́n ṣáà lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní gùn kọjá ibi báyìí. Ní 1976, Nicos Christofides gbé ìlànà kan jáde tó jẹ́ pé, bó ti wù kó burú tó, ọ̀nà tó máa là sílẹ̀ ò ní ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ èyí tó kúrú jù lọ. (Ìyẹn níbi tí àlọ àti àbọ̀ bá gùn bákan náà o, kì í ṣe ti wán-wéè Èkó wa.) Ó di 2020 káwọn mẹ́ta kan ní University of Washington, Anna Karlin, Nathan Klein àti Shayan Oveis Gharan, tó rí nǹkan gé kúrò nínú ìlọ́po kan àtààbọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n gé ò tó eruku ẹsẹ̀ èèrà, síbẹ̀ gbogbo àwọn onímọ̀ kí wọn kú iṣẹ́.

Àwọn wọ̀nyẹn ṣì rí gbogbo ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà ò rí i. Ó gbéra ní Ọjọ́tà, ó já ẹrù sí Yábà, ó ti dé Sùúrùlérè kí fóònù tó dún: oníbàárà kan ní Yábà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò yẹn ló ní kó wá gbẹ́rù. Nínú ìṣirò alẹ́, wọ́n ṣe é bíi pé iṣẹ́ tó wọlé ní aago 2 ọ̀sán ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti aago 8 àárọ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tó dá lórí irú ìpinnu báyìí, èyí téèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó mọ ohun tó ń bọ̀. Bàtà orí yìnyín làwọn òyìnbó fi ń ṣàpẹẹrẹ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi jẹnẹrétọ̀ ṣe tèmi. Iná lọ, télọ̀ kan ò mọ ọjọ́ tó máa dé. Ká ní yíyá jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦5,000 lójúmọ́, kí rírà ẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000. Tó bá rà á lónìí, tí iná dé lọ́la, ó gbé. Tó bá ń yá a lọ fún oṣù mẹ́ta, ó gbé náà ni. Ìṣirò ní kó yá a fún ọjọ́ 19, kó rà á lọ́jọ́ 20. Ibi tó bá burú dé, ₦195,000 ló máa ná, níbi tí ẹni tó mọ ọ̀la ì bá ti ná ₦100,000. Kò tó ìlọ́po 2.

Wọ́n ti ṣe irú ìṣirò yìí fún ẹni tí àṣẹ ń bá lójú ọ̀nà náà. Ní 2001, Giorgio Ausiello ará Ítálì àtàwọn mẹ́rin míì fi ìlànà kan hàn tí àkókò ẹ̀, títí téèyàn á fi padà síbi tó ti gbéra, ò ní ju ìlọ́po 2 ti ẹni tó ti mọ gbogbo àṣẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún fi hàn pé, yàtọ̀ sí kéèyàn máa ta tẹ́tẹ́, kò sí ìlànà kankan tó lè ṣèlérí ohun tó dín sí ìlọ́po 2 yẹn. Ìdí ni pé ibi yòówù kó o kọjú sí, àṣẹ lè ti ẹ̀yìn pè ọ́.

Wákàtí 7 sí 5, ìlọ́po 1.4 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ Ausiello, ẹni tó mọ ọ̀la pàápàá gbọ́dọ̀ dúró kí aago àṣẹ pé kó tó lọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá wọn ò dúró.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá á ní àwọn ọmọ kan máa ń yà sílé ọ̀rẹ́bìnrin, pé àwọn kan ń fi ọ̀kadà iléeṣẹ́ jíṣẹ́ tara wọn. Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kan náà lè bá wọn wádìí ìyẹn. Kí wọ́n máa fún un níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní aago tí kálukú wọlé, kóun náà máa pinnu láìmọ èyí tó ń bọ̀. Iye wákàtí tó bá lò ni kí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 7 yẹn. Tó bá lo 6 àtààbọ̀, kí wọ́n bi ọmọ náà pé níbo ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọlé sí. Tó bá wá lo 8 ńkọ́, ṣé wọ́n á fi owó wákàtí 1 kún tiẹ̀?